Igbe Tí Ọkọ̀ Mi Ń Ké Lórí Kọ́nà

Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ là á mọ́lẹ̀: ọkọ̀ mi kì í ṣe ọkọ̀ tí wọ́n ń fi ṣe yẹ̀yẹ́. Ó ti gbó, mi ò jiyàn. Ọ̀dà ara rẹ̀ ti ń ṣí, ilẹ̀kùn ẹ̀yìn lọ́wọ́ òsì kì í ṣí láti ìta, ẹni tó bá fẹ́ gba ibẹ̀ wọlé, àfi kí èmi na ọwọ́ láti iwájú bá a ṣí i. Ṣùgbọ́n tí mo bá ti yí kọ́kọ́rọ́ láàárọ̀, ẹ̀ẹ̀kan náà ló ń dáhùn. Mélòó nínú àwọn ọkọ̀ olówó ńlá tó ń fọn fèrè mọ́ mi lẹ́yìn ní Abuja yìí lẹ lè fọwọ́ sọ̀yà fún bẹ́ẹ̀?

Lẹ́yìn tí bàbá àwọn ọmọ mi papò dà ni mo tó kọ́ ọkọ̀ wíwà. Nígbà ayé rẹ̀, òun ló ń wà á. Èmi á jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, màá gbé báàgì lé itan, màá sì máa sọ fún un pé kó rọra. Nígbà tí kò sí mọ́, ọkọ̀ náà kàn dúró sínú ọgbà. Eruku bò ó, alángbá ń yá oòrùn lórí rẹ̀. Lọ́jọ́ kan mo wò ó títí, inú bí mi. Mo ní, ta ló sọ fún mi pé ọkùnrin nìkan ni Ọlọ́run dá ẹsẹ̀ tó ń tẹ bíréèkì fún? Mo ti lé ní àádọ́ta ọdún nígbà náà. Mo wá ẹni tó kọ́ mi, mo sì mọ̀ ọ́n. Gbogbo rẹ̀ ni mo mọ̀ àfi ríbáásì. Èmi àti ríbáásì kì í ṣọ̀rẹ́. Kéèyàn kọjú síbì kan kó máa lọ síbòmíì, mi ò mọ irú ọgbọ́n tí ìyẹn jẹ́.

Kado ni mò ń gbé. Ṣọ́ọ̀bù mi wà ní Utako, níbi tí mo ti ń ta òwú, bọ́tìnì, sípù àti gbogbo nǹkan wẹ́wẹ́ tí àwọn télọ̀ ń wá kiri. Ọkọ̀ yìí ló ń gbé mi lọ, òun ló ń gbé mi bọ̀. Òun ni mo fi ń lọ sọ́jà ẹja. Òun náà ni mo fi ń gbé ọ̀rẹ́ mi Àlàájà lọ sí àṣálátù ní gbogbo Sọ́ńdè. Ọjọ́ tí mo bá fẹ́ jáde, mo jáde. Ọjọ́ tó bá wù mí kí n yà kí ẹnì kan, mo yà. Mi ò tọrọ àyè lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ti ń wa ọkọ̀ láti kékeré, ẹ lè má mọ bó ṣe ń dùn tó.

Ọ̀rọ̀ wá ku ti àkọ́bí mi. Ọkùnrin ni, Kubwa ló ń gbé pẹ̀lú ìyàwó rẹ̀ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ bímọ. Ọmọ dáadáa ni, Ọlọ́run ni ẹlẹ́rìí mi, kò sí ọ̀sẹ̀ tí kì í pè mí. Ṣùgbọ́n láti ọjọ́ tí mo ti fi ríbáásì gbá òpó géètì ilé wa, tí òpó fẹ̀yìn bí ẹni tó mutí, ọmọ yìí ò sùn mọ́. Gbogbo ìgbà ni, "Mọ́mì, ẹ ti ṣe dáadáa, ẹ sinmi. Ẹ jẹ́ kí n máa fi fóònù pe ọkọ̀ fún yín." Kí èmi dúró lẹ́nu géètì, kí ọmọ tí mi ò mọ̀ rí wá gbé mi bí àpò ìrẹsì, kó lọ já mi sílẹ̀! Mo ní kò burú, mo gbọ́. Ó tún wá sọ èyí tó le: "Mọ́mì, ẹ má bínú o. Tí nǹkan mìíì bá tún ṣẹlẹ̀ pẹ̀lú ọkọ̀ yìí, mo máa wá gba kọ́kọ́rọ́."

Ẹ̀rù bà mí. Mo mọ ọmọ mi. Kò ní bá mi jà o. Ńṣe ló máa dọ̀bálẹ̀ gbalaja, tó máa fi ìdọ̀bálẹ̀ gba kọ́kọ́rọ́ lọ́wọ́ mi, tí mi ò ní lè bínú. Bàbá rẹ̀ gan-an ló fi jọ.

Kò pẹ́ sígbà náà ni ariwo náà bẹ̀rẹ̀.

Ọjà ẹja ni mo ti ń bọ̀ lọ́sàn-án ọjọ́ kan. Ẹ jẹ́ kí n ṣàlàyé ẹnu géètì wa fún yín. Òpó iná kan wà ní ọ̀kánkán rẹ̀, gọ́tà sì wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ òpó náà, ojú ọ̀nà ò sì fẹ̀. Àwọn tá a jọ ń gbé inú ọgbà, wọ́n á wọlé díẹ̀, wọ́n á fi ríbáásì jáde, wọ́n á tún wọlé, kí wọ́n tó rí àyè gbà. Èmi kì í ṣe bẹ́ẹ̀. Màá dé ọ̀kánkán òpó, màá yí sítíárìn títí tí kò fi ní lọ mọ́, màá sì tẹ iná fún un kó gun òkè kékeré tó wà lẹ́nu géètì, màá wọlé pátápátá lẹ́ẹ̀kan. Lọ́jọ́ tí mò ń sọ yìí, bí mo ṣe yí sítíárìn tán tí mo tẹ iná, ni mo gbọ́ lábẹ́ ọkọ̀: kẹ̀rẹ̀kẹ̀kẹ̀kẹ̀kẹ̀!

Mo kọ́kọ́ rò pé ike tí mo kó ẹja sí ló ń há mọ́ nǹkan. Mo bọ́ sílẹ̀, mo wo abẹ́ ọkọ̀, kò sí nǹkan kan. Mo gbé ike ẹja wọlé, mo padà wá, mo tún yí i. Kẹ̀rẹ̀kẹ̀kẹ̀kẹ̀kẹ̀. Mo tọ́ sítíárìn, ó dákẹ́ lọ bí ẹni tí kò mọwọ́mẹsẹ̀. Mo ní, "Yéè, ó tán. Ẹni tó ń wá kọ́kọ́rọ́ ti rí i."

Àlàájà ni mo kọ́kọ́ sọ fún. Ó dàgbà jù mí lọ, ó sì sanra dáadáa, ẹ̀gbẹ́ mi níwájú ló máa ń jókòó. Ní Sọ́ńdè tó tẹ̀ lé e, mo ní kó tẹ́tí kó gbọ́. Bí a ṣe yí wọ ibi tí wọ́n ń gbé ọkọ̀ sí ní mọ́sálásí, ó dún. Àlàájà ní, "Ah! Mo gbọ́ ọ o! Gbìrìgbìrì ló ń ṣe!" Mo ní kì í ṣe gbìrìgbìrì, kẹ̀rẹ̀kẹ̀kẹ̀ ni. Ó ní gbìrìgbìrì ni. A jiyàn náà wọ mọ́sálásí. Ẹ ṣáà mọ̀ pé òun nìkan ni ẹlẹ́rìí tí mo ní, bẹ́ẹ̀ sì rèé, tí wọ́n bá ń pe Àlàájà láti pálọ̀, gbogbo àdúgbò ló ń gbọ́ kí òun tó gbọ́.

Mo gbé ọkọ̀ lọ bá mẹkáníìkì mi ní Kugbo. Ọmọ Ìkirè ni, ó ti ń tún ọkọ̀ yìí ṣe láti ìgbà tí ọkọ mi ti wà láyé. Bó ṣe rí mi ló dọ̀bálẹ̀ sórí iyanrìn dúdú yẹn pẹ̀lú aṣọ iṣẹ́ rẹ̀. Ó ní, "Mọ́mì, ẹ káàbọ̀ o. Kí ló tún ń ṣe é?"

Mo ní, "Ó ń ké tí mo bá ti gé kọ́nà."

"Báwo ló ṣe ń ké?"

Ẹni tí kò bá tíì bá àwọn mẹkáníìkì wa da nǹkan pọ̀ ni ọ̀rọ̀ yìí máa yà lẹ́nu. Ẹnu lẹ máa kọ́kọ́ fi wa ọkọ̀ yín fún wọn kí wọ́n tó fọwọ́ kàn án. Tẹ́ ẹ bá ní ó ń ṣe fíííìn, wọ́n á ní bẹ́líìtì ni. Tẹ́ ẹ bá ní ó ń ṣe hùùù, tó sì ń pọ̀ sí i bí eré ṣe ń pọ̀ sí i, wọ́n á ní bíárìn táyà ni. Tó bá jẹ́ kọ́ kọ́ kọ́ nígbà tẹ́ ẹ wọ kòtò, wọ́n á ní ẹsẹ̀ ọkọ̀ ni. Mo tún gèlè mi ṣe, mo fi ẹnu ṣe é: "Kẹ̀rẹ̀kẹ̀kẹ̀kẹ̀kẹ̀."

Ó gbé orí sọ́tùn-ún. "Ṣé kẹ̀rẹ̀kẹ̀kẹ̀ tó fẹ́lẹ́ ni, Mọ́mì, àbí gìrìgìrì tó wúwo?"

"Mo ní kẹ̀rẹ̀kẹ̀kẹ̀, o ń bi mí ní gìrìgìrì. Bí ìgbà téèyàn bá ń fi eyín rún iyanrìn ni."

Mẹkáníìkì kejì tó wà nísàlẹ̀ ọkọ̀ mìíràn yọ orí síta, ó ní, "Àbí krrr-krrr ni, Mọ́mì?" Ẹni tó ń ṣe táyà náà dá sí i. Kí n tó ṣẹ́jú, àgbà ọkùnrin mẹ́rin ti dúró yí mi ká, tí kálukú ń fi ẹnu ké bí ọkọ̀. Àwọn káfíńtà tó ń ta àga lódìkejì títì dáwọ́ iṣẹ́ dúró, wọ́n ń wò wá. Ọ̀kan nínú wọn ní, "Kai!" Èmi náà ò lè mú un mọ́ra mọ́, mo bú sẹ́rìn-ín.

Wọ́n gbé ọkọ̀ sórí jáàkì. Mẹkáníìkì mi di táyà mú lókè àti nísàlẹ̀, ó mì í, kò yẹ̀. Ó mì í lọ́tùn-ún lósì, kò yẹ̀. Ó wo bíréèkì, ó ní ó dára. Ó wá nu ọwọ́, ó ní, "Mọ́mì, ẹ jẹ́ ká gbé e jáde ká gbọ́ ọ." Ó ṣí ilẹ̀kùn ẹ̀yìn, ó fi ọwọ́ méjèèjì tọ́ka síbẹ̀. "Ẹ jókòó sẹ́yìn kẹ́ ẹ sinmi. Àwa ọmọ yín ló yẹ ká máa wà yín."

Mo jókòó sẹ́yìn bí ìyàwó ọba. Ó gbé wa lọ lójú títì Nyanya, ó yí padà níbi tó fẹ̀ dáadáa, ó gbé wa bọ̀. Ọkọ̀ ò sọ nǹkan kan. Ẹ̀ẹ̀kejì, kò sọ nǹkan kan. Ó wò mí nínú dígí, ó rọ ohùn bí ẹni ń bá aláìsàn sọ̀rọ̀: "Mọ́mì, ó jọ pé ó ti lọ."

Ó ti lọ kẹ̀! Lọ́jọ́ yẹn náà, bí mo ṣe dé ẹnu géètì wa: kẹ̀rẹ̀kẹ̀kẹ̀kẹ̀kẹ̀. Mo lu sítíárìn, mo ní, "Ìwọ ọkọ̀ yìí, o fẹ́ pa mí ni?"

Ibi tí mo ti ṣe àṣìṣe ni pé mo sọ fún Àlàájà lórí fóònù, tí Àlàájà sì pàdé ìyàwó ọmọ mi, tó sì sọ fún un pé ọkọ̀ ìyá ọkọ rẹ̀ ń ṣe gbìrìgbìrì. Ọjọ́ kejì, ọmọ mi ti dé. Ó gba kọ́kọ́rọ́, ó ní kí n jókòó sẹ́yìn, a yípo Kado. Ọkọ̀ dákẹ́ bí ẹran tó rí ìkookò. Ó gbé e dúró síta ilé, kò tiẹ̀ gbé e wọ géètì, ó yíjú padà, ó ń wò mí. Mo mọ ojú yẹn. Ojú tí mo máa ń fi wò ó nígbà tí ibà bá ń ṣe é ní kékeré ni.

Ó ní, "Mọ́mì, ẹnì kan wà nílé ìwòsàn tó ń yẹ etí wò."

"Etí ta ni?"

"Kò sí nǹkan tó burú níbẹ̀, Mọ́mì. Bí èèyàn bá ń dàgbà..."

"Etí mi tó gbọ́ ohùn rẹ nínú ọgọ́rùn-ún ọmọ tó ń sunkún níléèwé jẹ́léósinmi, òun lo fẹ́ gbé lọ fún dókítà?"

Ó tọrọ àforíjì, ṣùgbọ́n kò yí ọ̀rọ̀ rẹ̀ padà. Ó ní tí ọkọ̀ bá ń ké lóòótọ́, ó lè já sílẹ̀ lójú títì, kò yẹ kí n máa wà á. Tí kò bá sì ké, á jẹ́ pé etí mi ló ń gbọ́ ohun tí kò sí, kò sì yẹ kí n máa wà á. Ẹ gbà mí o! Bó ké, mo jẹ̀bi. Bí kò ké, mo jẹ̀bi. Irú ẹjọ́ wo nìyí? Ó ní òun ń bọ̀ ní Sọ́ńdè láti wá gbé ọkọ̀ náà lọ sí Kubwa, ó ní ibẹ̀ láá wà. Ó dọ̀bálẹ̀, ó sì lọ.

Mo jẹun lálẹ́ ọjọ́ yẹn, kò dùn lẹ́nu mi. Kì í ṣe ọ̀rọ̀ irin àti táyà ló ń dùn mí. Mò ń rò ó pé bí ọkọ̀ yẹn bá fi lè jáde nínú ọgbà yìí, ó di kí n máa pe ọmọ kí n tó lọ ra ẹja. Á di kí n máa wo ojú ẹlòmíì kí n tó lè kí Àlàájà. Mo ti ṣe èyí fún ọ̀pọ̀ ọdún, kì í ṣe pé ó burú nígbà tí ẹni tí mò ń wo ojú rẹ̀ jẹ́ ọkọ mi. Mi ò kàn fẹ́ padà síbẹ̀ mọ́.

Nígbà tó di òwúrọ̀, ìbínú ti borí ẹkún. Mò ń fọ abọ́, mo sì ń bá ara mi sọ̀rọ̀. Mo ní, ọkọ̀ kan náà ni. Kọ́nà kan náà ni. Tí mẹkáníìkì bá wà á, ó dákẹ́. Tí ọmọ mi bá wà á, ó dákẹ́. Tí èmi bá wà á, ó ké. Kí ni èmi ń ṣe tí wọn ò ṣe? Mo wá dúró pẹ̀lú kàìnkàìn lọ́wọ́. Ta ló tíì rí ohun tí mò ń ṣe? Tí mo bá ti dé ọ̀dọ̀ wọn, "Mọ́mì, ẹ jókòó sẹ́yìn." Ọ̀wọ̀ ni wọ́n fi ń gbé mi sẹ́yìn, ọ̀wọ̀ náà ni wọ́n sì fi sọ mí di adití. Kò sí ẹyọ ẹnì kan nínú wọn tó tíì jókòó ti èmi gẹ́gẹ́ bí awakọ̀ rí. Àlàájà nìkan ni, ẹ sì ti gbọ́ nípa etí Àlàájà.

Mi ò ṣí ṣọ́ọ̀bù lọ́jọ́ yẹn. Mo kọrí sí Kugbo.

Mẹkáníìkì mi tún ṣí ilẹ̀kùn ẹ̀yìn fún mi. Mo ní, "Tì í. Ìwọ ló ń jókòó lónìí, èmi ni mò ń wà ọ́."

Ẹ wá wo ojú rẹ̀! "Èmi kẹ̀, Mọ́mì? Kí ẹ̀yin máa wà mí? Ká má rí i! Kí làwọn èèyàn máa sọ? Wọ́n á ní mo ti di ọ̀gá lórí ìyá mi."

"Wọlé."

"Mọ́mì, ẹ dákun, ẹ ṣàánú mi. Ìyá mi ní Ìkirè ò tó yín lọ́jọ́ orí."

"Tí o ò bá wọlé, màá pe ìyá rẹ ní Ìkirè."

Ó wọlé. Ó kọ́kọ́ fẹ́ gba ẹ̀yìn, ó rí i pé ìyẹn tún burú jù, nítorí ẹ̀yìn ni ọ̀gá ń jókòó. Ó wá jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ mi níwájú, ó tẹ orí ba, ó káwọ́ sáàárín itan bí ẹni tí wọ́n mú lọ síwájú adájọ́. Bí a ṣe ń jáde, àwọn káfíńtà òdìkejì rí wa. Wọ́n pariwo: "Kai! Hajiya! Yauwa!" Wọ́n ń pàtẹ́wọ́. Mẹkáníìkì mi fi fìlà bojú.

Mi ò lọ sójú títì Nyanya. Mo wá ibi tó há, láàárín àwọn àga àti bẹ́ẹ̀dì tí wọ́n tò síta, mo yí sítíárìn títí tí kò fi lọ mọ́, mo tẹ iná.

Kẹ̀rẹ̀kẹ̀kẹ̀kẹ̀kẹ̀!

Ọkùnrin yìí ṣí fìlà lójú. Ó jókòó dáadáa. Ó ní, "Mọ́mì, ẹ tún un ṣe." Mo tún un ṣe. Ó yọ orí láti ojú fèrèsé, ó ń wo táyà iwájú lọ́wọ́ ọ̀tún. "Ẹ tún un ṣe, Mọ́mì. Ẹ tẹ̀ ẹ́ dáadáa." Mo ń yípo láàárín àwọn àga bí ẹni ń jó. Ọjọ́ gbogbo ni tolè, ọjọ́ kan ni tolóhun. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í rẹ́rìn-ín, ó fi ọwọ́ lu itan: "Mọ́mì, orí ṣáàfù ni! Kẹ̀rẹ̀kẹ̀kẹ̀ ni lóòótọ́! Bẹ́ ẹ ṣe fi ẹnu ṣe é gẹ́lẹ́ ni!"

Ó ṣàlàyé rẹ̀ fún mi nígbà tí a padà dé. Irin kan wà tó ń gbé agbára ẹ́ńjìnnì lọ bá táyà iwájú, òun ni wọ́n ń pè ní ṣáàfù. Ibi tó ti ń yí pẹ̀lú táyà, rọ́bà kan ló bò ó, inú rọ́bà náà ni gíríìsì wà. Ó ní kí n yí sítíárìn tán, ó wá fi ìka hàn mí. Láàárín ìṣẹ́po rọ́bà yẹn, ó ti ya. Tí táyà bá dúró gbọnrangandan, ìṣẹ́po á pa ẹnu dé, kò sí ẹni tó máa rí i. Gíríìsì ti gba ibẹ̀ jáde, iyanrìn ti gba ibẹ̀ wọlé. Ẹni tó bá ń yí gbẹ̀dẹ̀gbẹdẹ lójú ọ̀nà tó fẹ̀ ò lè gbọ́ nǹkan kan. Ẹni tó bá yí sítíárìn tán tó sì tẹ iná, irú èmi tí mò ń sá fún ríbáásì, òun ló máa kọ́kọ́ gbọ́ ọ.

Ó ní, "Mọ́mì, ká ní ẹ̀yin kọ́ lẹ̀ ń wà á, kò sí ẹni tó máa mọ̀ títí á fi já."

Ẹ rí gbólóhùn yẹn, mo ní kó tún un sọ. Ó tún un sọ. Inú mi dùn débi pé mo ra máltíìnà fún gbogbo wọn, àti àwọn káfíńtà. Wọ́n pààrọ̀ orí ṣáàfù náà lọ́jọ́ yẹn. Mo yí sítíárìn tán, mo tẹ iná, ó dákẹ́ rọ́rọ́. Mo pe Àlàájà pé iyanrìn ló wà nínú rẹ̀. Ó ní, "Mo ṣáà sọ fún ẹ, iyanrìn ló ń ṣe gbìrìgbìrì."

Sọ́ńdè dé. A lọ sí àṣálátù, a bọ̀. Ọ̀sán ni ọmọ mi wọlé, ọ̀rẹ́ rẹ̀ ló gbé e wá, nítorí ó fẹ́ wa ọkọ̀ mi padà. Ó dọ̀bálẹ̀ gbalaja lẹ́nu ọ̀nà, mo mọ ohun tó wà nísàlẹ̀ ìdọ̀bálẹ̀ yẹn. Mo sọ gbogbo ohun tó ṣẹlẹ̀ ní Kugbo fún un. Mo rò pé á ní, "Mọ́mì, ẹ̀yin lẹ jàre." Ńṣe ló di orí mú.

"Ṣáàfù! Mọ́mì, ẹ wò ó báyìí. Tó bá já lójú títì ńkọ́? Èmi kọ́ ni wọ́n máa pè?" Ohùn rẹ̀ yí padà. Ó ní, "Ẹ̀yin nìkan ló kù fún wa."

Ó dùn mí wọ egungun. Mi ò tíì gbọ́ kó sọ bẹ́ẹ̀ rí. Gbogbo ìbínú tí mo ti kó jọ fún un, mi ò rí i mọ́. Mo jókòó tì í, mo ní, "Ọmọ mi, ṣé o ti rí mi wa ọkọ̀ rí?"

Ó yíjú wo géètì.

"Òpó géètì lo rí. Tá a bá jọ jáde, ìwọ lò ń wà á. Tí mo bá nìkan jáde, o ò sí níbẹ̀. Dìde, jẹ́ kí n gbé ọ délé. Tá a bá dé Kubwa tí ọkàn rẹ ò bá balẹ̀, màá fún ọ ní kọ́kọ́rọ́ fúnra mi, mi ò sì ní sọ̀rọ̀ rẹ̀ mọ́ láéláé."

Mo bọ́ síta kí n tó lè yí ọkàn padà. Ó fẹ́ gba ẹ̀gbẹ́ sítíárìn, ó rántí, ó lọ sí ẹ̀gbẹ́ kejì. Ó de bẹ́líìtì, ó fà á wò, ó tún fà á wò. Bí a ṣe jáde ní géètì, ó ti di irin òkè ilẹ̀kùn mú gbọin. Mo ń gbọ́ tó ń ṣe lá ìláhà nísàlẹ̀ ọ̀fun.

"Mọ́mì, ọkọ̀ ń bọ̀ lọ́tùn-ún."

"Mo rí i."

"Mọ́mì, tírélà wà níwájú."

"Mo rí i, ọmọ mi."

Ẹsẹ̀ rẹ̀ ń tẹ bíréèkì tí kò sí níbẹ̀. Mi ò rẹ́rìn-ín. Mo gbájú mọ́ ọ̀nà. A bọ́ sójú títì ńlá, mo dúró sí ẹ̀gbẹ́ tèmi, mo jẹ́ kí àwọn tó ń sáré máa lọ. Mo ń retí pé á tún ní Mọ́mì nǹkan kan. Kò sọ̀rọ̀. A kọjá Gwarinpa, kò sọ̀rọ̀. Mo ní ó ti bínú, ó ti pinnu. Ọkàn mi bẹ̀rẹ̀ sí í wúwo. Mo yọ́jú wò ó.

Ó ti sùn lọ. Ọwọ́ rẹ̀ ti já bọ́ láti ara irin yẹn sórí itan, ẹnu rẹ̀ ṣí sílẹ̀, orí rẹ̀ ti yẹ̀ sọ́dọ̀ mi. Wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ bí ọmọ ni, ọmọ náà kì í jẹ́ kí wọ́n sùn lóru, iṣẹ́ ò sì dúró de ẹnikẹ́ni. Ó rẹ̀ ẹ́ dé ojú. Mo wò ó, omi bọ́ lójú mi, mo tètè nù ún kí n lè rí ọ̀nà. Mo pa rédíò. Ọ̀nà tó ṣẹ́ kù sí Kubwa, mo wà á bí ẹni gbé ẹyin, àwọn ọlọ́kọ̀ ń fọn fèrè mọ́ mi lẹ́yìn, mi ò dá ẹnì kankan lóhùn.

Nígbà tí mo dúró níwájú ilé rẹ̀, kò jí. Mo jókòó síbẹ̀. Ìyàwó rẹ̀ yọjú láti òkè, mo fi ìka sẹ́nu, ó rẹ́rìn-ín, ó padà wọlé. Ó pẹ́ díẹ̀ kó tó la ojú, ó ń wo ilé rẹ̀ bí ẹni tí kò mọ ibẹ̀.

"Ṣé a ti dé ni, Mọ́mì?"

"A ti dé."

Ó nu ẹnu. Ó wo kọ́kọ́rọ́ lára ọkọ̀, ó wò mí. Ó bọ́ sílẹ̀, ó ti ilẹ̀kùn, ó wá sí ẹ̀gbẹ́ tèmi, ó tẹ̀ ba lójú fèrèsé.

Ó ní, "Mọ́mì, ẹ pè mí tẹ́ ẹ bá délé."

Mo ní màá pè é.